Ṣọ́tíhàǹdì àti Ohùn Yorùbá

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ti ń fọ́ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ, bí kò ṣe ìtàn àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti na ọwọ́ gba ẹyin náà kí ó tó kanlẹ̀. Ṣọ́tíhàǹdì ni mò ń wí, ìkọ̀wé tí akọ̀wé fi ń bá ẹnu sáré. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ni ti ṣọ́tíhàǹdì ní ayé tí fóònù inú àpò ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀rọ̀ náà kan èdè wa ju bí a ti rò lọ.

Alákijà ni mo ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, tí ẹ kọjá Mile 2 àti ẹnu ọ̀nà Festac, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn Festac: ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ láti fi gba àlejò nígbà àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February, ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, a pín ilé náà fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti fi ìkọ̀wé jẹun rí fi pọ̀ ní agbègbè wa. Ọ̀kan nínú wọn wà ní òpópónà wa, ìyá arúgbó kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Akọ̀wé.

Ní ìgbà kan tí àwọn olùkọ́ wa da iṣẹ́ sílẹ̀ (ẹ̀yin olùkọ́, n kò fi bú yín o), mo ń jókòó nílé láìríṣẹ́ ṣe. Ìyá mi rán mi ní iṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Akọ̀wé, mo sì bá ìwé kan lórí tábìlì wọn. Àmì inú rẹ̀ dàbí ìgbà tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn: ìlà kan dúró, òmíràn dùbúlẹ̀, òmíràn tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé.

Mo ní, “Ìyá, ṣé èdè Lárúbáwá ni ẹ kọ síhìn-ín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Yorùbá ni, ọmọ mi. Jókòó kí o gbọ́.” Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ìtàn bí ìyá tó bí wọn ti ṣe kó ẹrù kúrò ní oko wá sí ìlú ni. Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Kì í ṣe ohun àná. Àwọn ará Róòmù ti ní irú rẹ̀ kí a tó bí Jésù. Tiro, ẹrú Cicero, tí ọ̀gá rẹ̀ dá sílẹ̀ lómìnira nígbẹ̀yìn, ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn àmì náà títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Timothy Bright tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1588, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ ilẹ̀ wa, ti Isaac Pitman ni. A bí Pitman ní Trowbridge ní ọdún 1813, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ń ṣe. Ní ọdún 1837 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ kékeré jáde, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni iye rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò tẹ̀lé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, bí etí ti ń gbọ́ ọ ni ó ń kọ. Nígbà tí ìjọba wọn mú owó lẹ́tà wá sí kọ́bọ̀ kan ní ọdún 1840, ọdún náà gan-an ni Pitman tẹ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan tí òun náà ń tà ní kọ́bọ̀ kan. Ẹ rí i pé ọkùnrin náà mọ ọjà. Àbúrò rẹ̀, Benn Pitman, ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà, òun ni ó sì wà nídìí àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn tó dìtẹ̀ pa Ààrẹ Lincoln ní ọdún 1865. Ọba obìnrin Victoria fi Isaac joyè Sir ní ọdún 1894, ó sì kú ní ọdún 1897.

Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo ọdún wọ̀nyí yóò rí ohun kan tó ṣe mí ní kàyéfì. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ìwé Pitman, ní 1843, ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní àkókò tí Pitman ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ jà pé kí ohùn kan ní àmì kan, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá irú ìjà kan náà lọ nípa èdè wa, bí wọn yóò ti ṣe fi lẹ́tà àwọn òyìnbó mú ẹ àti ọ àti ṣ àti gb. Ìjọ CMS gbé ìlànà jáde ní 1848, Lepsius ará Jámánì gbé tirẹ̀ jáde ní 1855, àwọn àgbà sì tún jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní Èkó ní ọdún 1875. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ti Pitman, bí wọ́n ti ń kọ èdè wọn nígbà náà ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́. Àwa ni a gba tiwa. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́tíhàǹdì kò ní ohun púpọ̀ láti gbàgbé. Ó ti mọ̀ láti jẹ́léósinmi pé ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ.

Báwo ni a ti ń kọ ọ́? Ìlà ni fún kọ́ńsónáǹtì. Ìlà tó dúró ṣánṣán ni t, bí a bá tẹ lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn kí ó nípọn, ó di d. Èyí tó dùbúlẹ̀ ni k, bí ó bá nípọn, ó di g. Èyí tó dagun ni p, bí ó bá nípọn, ó di b. Òbìrípo kékeré ni s. Fáwẹ́lì ńkọ́? Òmíràn jẹ́ àmì kékeré bí èyí tí àwa ń fi sábẹ́ ẹ àti ọ, òmíràn jẹ́ ìlà kúkúrú. Ibi tí ó bá sì wà lára ìlà ńlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí àárín tàbí ìparí, ni a ó fi mọ irú fáwẹ́lì tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré kò ní àyè láti máa fi àmì wọ̀nyí sí i. Ó ń fò wọ́n ni. Dípò wọn, ó máa ń gbé odidi ọ̀rọ̀ sókè ìlà ìwé, tàbí kí ó gbé e jókòó lórí ìlà náà, tàbí kí ó gbé e la ìlà náà kọjá, kí ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí lè sọ irú fáwẹ́lì tó ṣáájú nínú rẹ̀. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe irésà, ṣùgbọ́n Ìyá Akọ̀wé kò jẹ́ kí irésà wọ ilé wọn. Wọ́n ní kí n tó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti dé Badagry.

Níbi tí mo ti rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti rí ìṣòro. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè pàdánù fáwẹ́lì rẹ̀ kí ó ṣì yé ènìyàn. Tiwa ńkọ́? Ẹ mú w kan ṣoṣo, ẹ wò ó bí ó bá lè jẹ́ owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ìwà, ìwé, ewé, ewì, àwo tàbí awo. Mo rò ó títí, ó sì hàn sí mi pé ìlù dùndún àti ṣọ́tíhàǹdì jẹ́ ọmọ ìyá méjì tí wọ́n pín ogún láìfi nǹkan kan náà fún ara wọn. Dùndún mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ, ó fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀. Ṣọ́tíhàǹdì mú kọ́ńsónáǹtì lọ, ó fi ohùn àti fáwẹ́lì sílẹ̀. Onílù mọ àìlera rẹ̀, nítorí náà ni kì í fi pe ènìyàn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oríkì gígùn ni ó máa ń lù, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ ẹni tí à ń pè. Akọ̀wé tí kò bá ní ọgbọ́n onílù kò gbọdọ̀ fi ṣọ́tíhàǹdì kọ Yorùbá. Mo fojú ara mi rí i.

Bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópónà wa. Ojú ń dùn wọ́n ní ọdún náà, mo sì ń bá wọn kọ ìwé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni à ń sọ ní ọjọ́ kan, pé kí olúkúlùkù dáwó kí a lè là á kí òjò tó dé. Alàgbà kan dìde, ó ní, “Mo fọwọ́ sí i.” Mo kọ ọ́: f, w, s. Ní oṣù kejì, mo dìde láti ka ìwé ìpàdé tó kọjá, mo sì kà á ketekete pé alàgbà lágbájá ní òun ti fowó sí i.

Ilé dákẹ́. Akápò ṣí ìwé rẹ̀, kò rí owó kankan. Alàgbà ní òun kò sọ pé òun san owó. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní bí kò bá sọ ọ́, báwo ni ó ti wọ inú ìwé? Àwọn kan wo akápò bí ẹni pé òun ni ó kó owó náà mì. Àwọn mìíràn wo alàgbà bí ẹni pé ó fẹ́ fi ẹnu san gbèsè. Èmi náà, pẹ̀lú agídí ọmọdé, mo na ìwé mi sókè, mo ní ẹ̀rí rèé. Ta ni ó lè kà á? Ìpàdé tú ká ní ọjọ́ náà láìparí, alàgbà kò sì dá bàbá mi lóhùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Akọ̀wé. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i, wọ́n ní, “Ìlà dà?” Ìwé tí kò ní ìlà ni mo ra, nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé ọ ti fọwọ́ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sókè ìlà, o ti fowó yóò gbé e jókòó sórí ìlà. Òfin wà fún un láti ìgbà Pitman. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ojú òfuurufú, tí kò sókè, tí kò sílẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún alàgbà ní ilé wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún lọ sọ ẹ̀bi mi fún akápò. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá kí alàgbà náà, wọ́n á ní, “Akọ̀wé, mo fọwọ́ sí i o,” wọ́n á sì gbé ọwọ́ sókè kí n lè rí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún un ṣe fún èdè wa, mo sì ti gbádùn rẹ̀ ju ayò lọ. Èdè Yorùbá kò ní v tàbí z tàbí th, nítorí náà àmì wọn wà láìríṣẹ́ ṣe. Mo fi àmì th tó nípọn fún gb. Àmì p ti Pitman ni mo fi fún p wa láìsí ìjà, nítorí pé a kò ní p ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ni kò tíì gbà fún mi. Bí mo bá fi gbogbo fáwẹ́lì sí “ó kọ́ ilé” àti “ó kọ ilé”, ọ̀kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan ni ó kọ́lé, èkejì ni ó fi ilé ọkọ sílẹ̀. Mo wá ń fi ìlà tín-ín-rín kan sí orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó ń dín eré mi kù, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí eré lásán ń fà.

Ẹnikẹ́ni kò ṣe àtúnṣe yìí fún àwọn akọ̀wé wa àtijọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n kọ Yorùbá. Èdè ọ̀gá ni wọ́n ń kọ. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde. Orúkọ Alákijà yìí fúnra rẹ̀ a máa rán mi létí Sir Adéyẹmọ Alákijà, agbẹjọ́rò, tí ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tó tẹ Nigerian Daily Times jáde sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù June 1926 ni ìwé ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde, Ernest Ikoli sì ni olóòtú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan tí a bí ní 1909 wá ṣe oníròyìn níbẹ̀ ní ọdún 1934. Kí ó tó débẹ̀, ó ti ṣe olùkọ́, ó ti kọ́ ṣọ́tíhàǹdì àti títẹ ẹ̀rọ tápúráítà, ó ti fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì kan ní Èkó, ó sì ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà fìdí múlẹ̀ nílé ní 1948, Alákijà ni ààrẹ rẹ̀, Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé àgbà. Bí mo bá ń gba ọ̀nà ilé wa kọjá, mo máa ń rò ó pé ọkùnrin tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti jókòó rí pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, tí ó ń fi ìlà kọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, Ìyá Akọ̀wé sì wà lára wọn. Ìdánwò ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń ṣe, ọ̀rọ̀ 80 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà 100, lẹ́yìn náà 120. Ní ọdún 1992 ni ìjọba dá NABTEB sílẹ̀ kí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè di ti ilé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń pè ní Secretarial Studies di Office Technology and Management, ọmọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn ṣọ́tíhàǹdì sì ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó bá rò pé ohun tí a pàdánù kò ju ìyẹn lọ, kí ó lọ jókòó ní kóòtù. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ, ẹlẹ́rìí á sì máa dúró dè é. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ Yorùbá, ògbufọ̀ yóò yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò sì wọ inú ìwé. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí gan-an ti lọ. Bí ó bá wí pé “ó kọ ilé”, tí ògbufọ̀ sì gbọ́ “kọ́”, ibo ni a ó ti lọ wò ó? Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 97, gbà kí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ lo èdè àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti fi Yorùbá jókòó. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo ń béèrè ni bóyá ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ mọ fọwọ́ yàtọ̀ sí fowó.

Ìyá Akọ̀wé ti lọ sí ilé wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n kó ìwé méje fún mi, wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn ní àdúgbò tó lè kà wọ́n. Ìtàn tí ìyá wọn sọ fún wọn ni, tí wọ́n ń kọ ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kí ọwọ́ wọn má bàa wúwo fún ìdánwò. Wọ́n sọ fún mi pé ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀gá kan tó sọ Yorùbá kan kí àwọn kọ ọ́. Ìyá wọn nìkan ni ó sọ ọ́. Samuel Pepys ará Lọ́ńdọ̀nù fi irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ láti 1660 sí 1669. Nígbà tí John Smith jókòó tì í ní 1819, ọdún mẹ́ta ni ó lò kí ó tó tú u tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tó ṣàlàyé àmì náà wà ní ilé ìkàwé kan náà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Èmi mọ àmì. Ohùn ni n kò ní.

Mo ti tú ìwé mẹ́ta. Ní ojú ewé kìíní ìwé kẹrin ni mo ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan lórí r àti k. R náà ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé fáwẹ́lì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sórí ìlà, nítorí náà o ni fáwẹ́lì ọ̀hún. Orúkọ ni, tàbí oríkì? “Orúkọ ìyá mi” ni ó wà níbẹ̀, tàbí “oríkì ìyá mi”? Mo wá wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e: k ni ó fi parí, bí Àbẹ̀kẹ́ àti Àníkẹ́ àti Àdùkẹ́ ti ń parí. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, àwọn ọmọ wọn ni ó ni ín. Mo mú ìwé mìíràn, èyí tó ní ìlà, mo kọ “oríkì”, mo fi ohùn sí i lórí, mo sì bọ́ sí ìlà kejì.